Ọjọ́ Tí Tai-hei Gòkè Lọ Pàdé Àna Rẹ̀

Bí ẹ bá ń wá ilé Tai-hei ní Tai O, abúlé ẹlẹ́ja wa, ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Imú yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, òórùn edé oníyọ̀ tó sá sóòrùn níwájú ilé rẹ̀ yóò ti wá pàdé yín lọ́nà. Àwọn àjèjì máa ń fi aṣọ bo imú. Èmi Kam-choi, tí ilé mi àti tirẹ̀ jọ dúró lórí òpó nínú omi kan náà, òórùn yẹn ló ń jí mi láàárọ̀. Ọjọ́ tí n kò bá gbọ́ ọ, kíá ni mo máa ń wọ bàtà láti lọ wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí pákó tó ń mì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ilẹ̀, títí di òní, bó bá ń lọ lójú ọjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń là gbàgà bí ẹni tí ìgbì fẹ́ bì lulẹ̀. Omi ló fún un lóúnjẹ, omi náà ló gba ọkọ rẹ̀. Ìjì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ ọkùnrin náà dojú dé. A rí ọkọ̀, a ò rí òun. Shing, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì ń rá nígbà náà. Tai-hei sunkún títí omi ojú rẹ̀ fi gbẹ, ó dìde, ó ra iyọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ edé. Edé yẹn ló fi tọ́ Shing dàgbà.

Ẹ má rò pé opó tó ń fajú ro kiri ni o. Bí Tai-hei bá rẹ́rìn-ín, àwọn lékeléke orí òrùlé á fò lọ. Ìjà òun àti àwọn lékeléke náà kì í tán, torí wọ́n máa ń ṣa edé rẹ̀ jẹ. “Olè! Ọmọ olè!” á máa pariwo láti ojú fèrèsé. “Ṣé ìyá yín ló lọ̀ ọ́ fún yín ni?” Àwọn àlejò tó wá ya fọ́tò á rò pé àwọn ni obìnrin náà ń bú.

Shing ní tirẹ̀ kò pa ẹja. Ọkọ̀ tó ń gbé àlejò lọ wo àwọn ẹja ńlá aláwọ̀ píǹkì tí ń fò sókè lójú òkun ló ń wà. Ibẹ̀ ló ti rí Lok-yi. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀, kò rí ẹja kankan. Èébì ló bì sórí bàtà Shing. Ó bẹ̀bẹ̀ títí. Shing ní kò burú, pé bàtà náà ti gbó tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni, bàtà tuntun ni. Èmi tí mo bá a yan bàtà náà lọ́jà wà ní èbúté, mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ fẹ́ra, ìṣòro wa ni ìyá Lok-yi. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì àti síìpù ní Sham Shui Po ni, láàárín ìlú lọ́hùn-ún, ó sì di ẹ̀sìn Búdà mú gírígírí. Kò jẹ ẹran, kò jẹ ẹja, kò tilẹ̀ fi àlùbọ́sà kan ẹnu. Nígbà tó gbọ́ irú iṣẹ́ tí ìyá Shing ń ṣe, ó ní, “Ilé tí wọ́n ti ń pa nǹkan láti àárọ̀ dalẹ́ lo fẹ́ lọ gbé, Lok-yi?” Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí ìyá ọkọ wá pàdé òun lórí òkè, níwájú ère ńlá Búdà, kí àwọn jọ jẹun. Bí àwọn bá jẹun tán ni òun yóò tó dáhùn. Lok-yi sì ti sọ fún Shing pẹ̀lú omijé pé bí ìyá òun bá ní rárá, òun ò ní lè kẹ̀yìn sí i. Oúnjẹ ọ̀sán kan ṣoṣo ni ìgbéyàwó yìí wá so kọ́.

Tai-hei kò gòkè ibẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni ká pè é. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ tí a wà lójú òkun, a máa ń rí orí ère náà láàárín àwọn òkè. Gbogbo ayé ń wọ bàálù wá sí Lantau, erékùṣù wa, nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kì í fẹ́ gbọ́. Á ní, “Ọwọ́ tí mo fi pa edé tó báyìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ẹni tí kì í pa èèrà?” Ọ̀dọ̀ Tin Hau, òrìṣà ìyá olómi, ló máa ń gbé tùràrí tirẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í bínú ẹlẹ́ja.

Ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé náà máa wáyé, Tai-hei kò lọ edé rárá. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó ọwọ́, ó fi atalẹ̀ bó o, ó fi omi ewé ọsàn ńlá wẹ̀ bí ẹni ń wẹ ibi odidi ọdún dànù. Ó wá na ọwọ́ sí mi nímú lójú fèrèsé.

“Gbóòórùn ẹ̀ wò. Ṣé ó ti lọ?”

“Ó ti lọ.”

“Búra.”

“Èmi ò ní búra nítorí edé, Tai-hei.”

Ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ ti di ọṣẹ, kí ló fẹ́ kí n sọ? Àmọ́ ojú rẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélẹ̀. Ó yọ aṣọ mẹ́rin wọ̀, ó bọ́ mẹ́rin, ó tún padà sí èkíní. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun, torí Shing kò lè yẹ iṣẹ́ Sátidé tí àlejò pọ̀. “Iṣẹ́ tìẹ ò le,” ó ní. “Bí mo bá ti fẹ́ sọ ìsọkúsọ, tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.”

Mo wọ bàtà tó ní gìgísẹ̀ líle.

Bọ́ọ̀sì kúrò ní Tai O, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ní kọ́nà kìíní, abúlé wa hàn nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tai-hei dìde lórí àga. “Kam-choi, wo ilé wa! Wò ó! Ó kéré tó báyìí? Ibẹ̀ la ti ń pariwo látọjọ́ yìí?” Ó fọwọ́ gbá fèrèsé, ó fọwọ́ gbá ọkùnrin kan tó ń sùn létí rẹ̀, ó ní kí ìyẹn náà wá wò ó. Ọkùnrin náà wò ó. Kí ló fẹ́ ṣe?

Ní ìdajì ọ̀nà, àwọn màlúù dùbúlẹ̀ sójú títì, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ wọn. Màlúù orí òkè yìí kò lólúwa, wọn ò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnì, ó gbé tíì rẹ̀, ó ń mu. Ìgbà tí yóò fi mu ìdajì, ara Tai-hei kò gbà á mọ́. Ó ṣí fèrèsé, ó yọ orí síta.

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ dákun! Ìyàwó ni mò ń lọ fẹ́ fọ́mọ mi! Ẹ má jẹ̀ẹ́ n pẹ́!”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èyí tó tóbi jù nínú wọn dìde. Ó na ara, ó yàgbẹ́ díẹ̀, ó yà sínú koríko, àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Gbogbo ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Awakọ̀ ní, “Màmá, gbogbo Sátidé ni kẹ́ ẹ máa wọkọ̀ mi.” Inú Tai-hei dùn débi pé ó pín súìtì míǹtì tó fi pamọ́ fún ẹnu ara rẹ̀ fún gbogbo àwọn tó wà nítòsí.

Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì yọ sórí òkè, kùrukùru ká lójú kan, ère náà sì jókòó síbẹ̀. Mo ti rí i rí, síbẹ̀ àyà mi já. Tai-hei di ọrùn ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí.

“Ó tóbi,” ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohùn rẹ̀ wá padà dé. “Ó tóbi o! Ó tóbi ju bí wọ́n ṣe sọ lọ! Wo etí ẹ̀, Kam-choi! Etí yẹn nìkan á bo òrùlé ilé mi!”

Ìyá Lok-yi ti dé ṣáájú wa. Àpótí onígíláàsì tí ń rìn lórí wáyà ló gbé òun àti ọmọ rẹ̀ wá láti apá ìlú. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ aláwọ̀ eérú ló wọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, irun orí rẹ̀ ò sì yẹ̀ níbì kankan. Lok-yi sáré wá kúnlẹ̀ kí Tai-hei, ó sì dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ó ń wo ẹnu ẹni yìí, ó ń wo ẹnu ẹni yẹn.

“Ẹ kú ìrìn, Ìyá Shing.”

“Ẹ kú ìdúró o, Ìyá Lok-yi. Ẹ má bínú pé a pẹ́. Màlúù ló dá wa dúró.”

“Màlúù?”

“Wọ́n pọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni wọ́n.”

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó fa ọwọ́ méjèèjì sínú apá aṣọ rẹ̀, kò bọ obìnrin náà lọ́wọ́, mo sì rí i pé Ìyá Lok-yi ṣàkíyèsí rẹ̀, ó sì kà á sí ìgbéraga.

Ibi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. Ìyá Lok-yi gbé ẹsẹ̀ lé èkíní, Tai-hei dúró gbọnyin. Ó ní kí wọ́n máa lọ, pé òun á máa wò ó láti ìsàlẹ̀, pé ojú òun ṣì ríran dáadáa. Mo mọ ohun tó ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ni. Inú bí mi gidi. Mo fi ẹnu sí i létí, mo ní, “Tai-hei, o fi odidi ọ̀sẹ̀ bó ara ẹ bí ẹni ń bó iṣu, o wá fẹ́ dúró nísàlẹ̀ bí adìyẹ tí òjò pa? Tó o bá ba nǹkan yìí jẹ́ mọ́ Shing lọ́wọ́, èmi ni wàá kọ́kọ́ bá fà á.” Mo fi ejìká tì í lẹ́yìn. Ó gun ọ̀kan. Ó gun òmíràn. Nígbà tó yá, n kò rí ẹni tì mọ́, torí obìnrin náà ti ń sá gòkè bí ewúrẹ́, ó ti kọjá Ìyá Lok-yi, ó ti kọjá àwọn ọ̀dọ́ tó gbé kámẹ́rà. Èmi tí mo tì í ni mo jókòó sílẹ̀ tí mò ń mí hẹlẹ.

Nígbà tí a dé òkè, ó ti dúró sábẹ́ ère náà, ó gbé ojú sókè, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí ọgbà.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá! Èmi ni Tai-hei, tó ń gbé nísàlẹ̀ yín lọ́hùn-ún. Ẹ má bínú pé n ò tètè wá kí yín. Iṣẹ́ ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n!” Ó rí bí Búdà ṣe gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sókè. “Yéè! Wo ọwọ́ ẹ̀. Ó ní kí n dúró síbẹ̀, òórùn edé ti dé ọ̀dọ̀ òun!”

Lok-yi rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin mú. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ojú dé, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ láyà, ó ń gbàdúrà. Mo ti fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi nígbà tí mo rí i tí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde nínú apá aṣọ, pupa, wíwú, bí iyọ̀ ṣe jẹ wọ́n láti ọdún pípẹ́, ó pa wọ́n pọ̀. Ètè rẹ̀ ń mì.

Láti òkè yẹn, òkun yí wa ká, àwọn erékùṣù kéékèèké fọ́n ká sórí rẹ̀. Tai-hei ń wá ọkọ̀ Shing. Ó ní èyí ni, rárá, tọ̀hún ni. Kí ó tó mú ọ̀kan, kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ojú omi, ó bo òkun, ó bo erékùṣù, ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa. Ó ṣì ń wo ibẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan tí ènìyàn lè rí mọ́.

A wọlé lọ jẹun ní ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn àlùfáà. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn tó ń jẹun ń fi ọ̀wọ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n gbé ọbẹ̀ olómi wá, wọ́n gbé olú wá, wọ́n gbé wàrà sóyà wá. Nǹkan ń lọ déédéé. Ìyá Lok-yi gbé ṣíbí sílẹ̀, ó bi ìbéèrè tó gbé wá láti ilé.

“Ìyá Shing, bí ọmọ mi bá wá sílé yín, ṣé ẹ ó ní kó máa bá yín lọ edé?”

“Lok-yi? Kò lè lọ̀ ọ́! Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ jù, edé á máa fi í ṣẹ̀sín.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Èmi náà ò fẹ́ kó lọ̀ ọ́. Mo lọ̀ ọ́ torí kí Shing lè jẹun. Shing ti ń jẹun. Ó tó.”

Ìyá Lok-yi mi orí. Mo rí i tí ejìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Lok-yi tẹ itan mi lábẹ́ tábìlì, mo tẹ tirẹ̀. Ó ń bọ̀ síbi tí a fẹ́!

Ẹja kan wá dé. Kókò ni wọ́n gún, tí wọ́n mọ bí ẹja, wọ́n fi ewé inú òkun ṣe awọ rẹ̀, wọ́n dín in, wọ́n da ọbẹ̀ aládùn kíkan lé e lórí. Ó ní ojú, ó ní ìrù, ó ní ìpẹ́. Tai-hei pàtẹ́wọ́. “Ta ló ṣe èyí? Bí mo bá gbé e sọ́jà wa, wọ́n á rà á tọwọ́tẹsẹ̀!” A jẹ ẹ́, ó dùn. Láìpẹ́, ẹ̀gbẹ́ òkè tán. Ìyá Lok-yi fẹ́ bu ọlá fún àlejò rẹ̀. Ó mú igi ìjẹun rẹ̀, ó kì í bọ abẹ́ ẹja náà, ó fẹ́ yí i padà kí Tai-hei lè kọ́kọ́ mú níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Ní Tai O, ọmọ tó bá yí ẹja padà nínú àwo, ìfọ́tí ni yóò fi mọ̀ pé a kì í ṣe é. Ẹja tó bá dojú dé lórí tábìlì, ọkọ̀ ẹnì kan ló ń dojú dé lójú omi. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tán, eegun la ó gbé kúrò, a ó sì jẹ ti ìsàlẹ̀.

“Ẹ MÁ YÍ I!”

Àwo wárìrì. Tai-hei ti fò dìde, ó ti nà kọjá tábìlì, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ ẹja náà mọ́lẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ olómi dojú dé sára aṣọ eérú Ìyá Lok-yi. Gbogbo ilé oúnjẹ yíjú. Àlùfáà kan tó ń kọjá dúró.

“Kí lẹ ń ṣe yìí?” Ohùn Ìyá Lok-yi tutù bí omi yìnyín.

“Ẹ má yí i, mo bẹ̀ yín.”

“Ìyá Shing. Kókò ni.”

“Mo mọ̀ pé kókò ni.”

“Kò sí ẹ̀mí nínú ẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà lójú omi.”

Mo fi ọwọ́ bojú. Mo ní ó parí, ìgbéyàwó ti wọ inú ọbẹ̀ lọ. Ìtìjú mú mi, àánú ọ̀rẹ́ mi tún ṣe mí, n kò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Tai-hei kò gbé ọwọ́ kúrò. Ọbẹ̀ ń kán láti ìgúnpá rẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni àfi fèrèsé tí kùrukùru ti bò.

“Màmá,” Lok-yi sọ fún ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́, “bàbá Shing, ọkọ̀ wọn ló dojú dé.”

Ìyá Lok-yi wo fèrèsé. “Inú kùrukùru yìí ni ọmọkùnrin náà wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

Ó yọ igi ìjẹun rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹja náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ọwọ́ lábẹ́ orí ọmọ tó sùn. Ó gbé e sílẹ̀. Kò nu aṣọ rẹ̀.

“Nígbà tí eléyìí wà lọ́mọ ọwọ́,” ó ní, ó fi orí júwe Lok-yi, “ibà gbé e dè. Àwọn dókítà ò rí i ṣe mọ́. Mo sọ fún Búdà pé bó bá yè, ohun ẹlẹ́mìí ò ní kan ẹnu mi títí mo fi máa kú. Àwọn ẹbí ọkọ mi fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, kí ni ẹ̀fọ́ tí mò ń jẹ fi kan ibà ọmọ?” Ó tún wo ọwọ́ Tai-hei, pupa, wíwú, nínú ọbẹ̀. “Ẹ kọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Báwo lẹ ṣe ń jẹ ti ìsàlẹ̀ láìyí i?”

“Eegun la máa ń gbé kúrò.”

“Eléyìí ò ní eegun.”

Àwọn méjèèjì jọ wo ẹja kókò náà. Lóòótọ́, kò ní. Tai-hei ronú. Ó nu ọwọ́, ó fi ìka méjì mú afẹ́fẹ́ lẹ́bàá orí ẹja, ó fi ìka méjì mú afẹ́fẹ́ lẹ́bàá ìrù, ó sì gbé e sókè, jẹ́jẹ́, bó ṣe ń gbé eegun ẹja gidi láti ìgbà tí ó ti mọ ọwọ́ nà. Ó gbé e dúró lókè tábìlì, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ìyá Lok-yi na àwo tirẹ̀.

“Ẹ gbé e síbí,” ó ní. “Ẹ rọra, àna mi. Eegun ẹ̀ gùn.”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu. Lok-yi ti ń sunkún tẹ́lẹ̀. Àlùfáà tó dúró náà rọra ń bá tirẹ̀ lọ, ó ń mi orí, n kò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín.

A jẹ díẹ̀ nínú ti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ẹnikẹ́ni kò sí nínú oúnjẹ mọ́. Lok-yi pe fóònù Shing, kò wọlé. Ó tún pè é. Ìyá Lok-yi dìde, ó ní kí wọ́n bá òun di ìyókù ẹja náà sínú páálí, pé a ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, gbogbo wa. Kò dé Tai O rí, kò sì bi wá léèrè bóyá ó jìnnà.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí náà síwájú àyà. Bí ọkọ̀ bá yí sọ́tùn-ún, òun á tẹ̀ sósì. Bí ó bá yí sósì, òun á tẹ̀ sọ́tùn-ún, kí páálí má bàa fì. Mo ní kó gbé e fún mi. Ó ní rárá. Nígbà tí a súnmọ́ afárá, òórùn edé abúlé wa dé bá a. Mo yọ́jú wò ó. Imú rẹ̀ mì, ojú rẹ̀ kún fún omi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ páálí, kò sì gbé ọ̀kan kúrò láti fi bo imú.

Èbúté kún fún kùrukùru. Àwọn ọkọ̀ yòókù ti wọlé, wọ́n ti so wọ́n mọ́lẹ̀. Ti Shing nìkan ni kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Tai-hei, n kò rí i kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dúró ní etí omi pátápátá, Ìyá Lok-yi dúró tì í, ejìká wọn kan ara wọn. A kọ́kọ́ gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì. Ó pẹ́ kí a tó rí nǹkan. Lẹ́yìn náà, imú ọkọ̀ yọ nínú kùrukùru, díẹ̀díẹ̀, àwọn àlejò ń juwọ́, Shing dúró nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà pupa rẹ̀.

“Òun ni!” Tai-hei kígbe. “Òun ni! Òun ni!” Ó ń fò sókè lórí pákó títí mo fi rò pé èbúté máa wó. Ó gbá mi mọ́ra, ó gbá Lok-yi mọ́ra, ó gbá ọkùnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ mọ́ra.

Shing so okùn, ó fò sókè, ó rí ẹni tó dúró síwájú rẹ̀. Ó ṣí fìlà.

“Ẹ... ẹ káàbọ̀, mà.”

“Ṣé o ti jẹun?” Ìyá Lok-yi bi í.

“Rárá, mà.”

Ó gbé páálí náà lé e lọ́wọ́. “Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ọmọ mi. Ìyá ẹ ti yọ eegun ẹ̀. Láti orí òkè ni mo ti gbé e bọ̀, gbogbo kọ́nà yẹn, kò sì dojú dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”